Ibùsùn àti àpótí ẹrù lẹ́yìn Hilux: báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí yóò ṣeé tú kúrò?

Olóyin_Apáta (Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oyin ni mò ń sìn, Apáta níbí ni mo ń gbé. Àwọn àpótí oyin mi kan wà nítòsí Adó-Àwáyè, àwọn yòókù wà lọ́nà Ìṣẹ́yìn sí Ṣakí. Ẹni tó bá ti sún mọ́ oyin tiwa yìí rí mọ̀ pé a kì í ṣí i lójú oòrùn. Ìrọ̀lẹ́ là ń gé afárá, nígbà tí oòrùn bá ti rẹlẹ̀ tí inú wọn ti rọ̀ díẹ̀. Ká tó gé e tán, ká tó kó ẹrù, aago mẹ́sàn-án ti lù. Ọ̀nà Mọníyà sí Ìṣẹ́yìn tí wọ́n tún ṣe, kìlómítà 65, ó dùn ún wà lọ́sàn-án. Lóru, n kò fẹ́ kí wọ́n bá mi níbẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú mi sí ni mò ń sùn. Ọmọọṣẹ́ mi á gba ìjókòó ẹ̀yìn, èmi á ká ara mi jọ síwájú, sítíárì á máa gún mi níhà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin ni, ó ní kánópì fáíbà, ìbòrí tó bo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fẹ́ ṣe ibùsùn sẹ́yìn rẹ̀, kí abẹ́ ibùsùn jẹ́ àpótí tí aṣọ oyin, ọ̀bẹ, ìkòkò, sítóòfù àti agolo èéfín tí a fi ń fín oyin á wọ̀. Ibi tó ti ta kókó ni pé ọkọ̀ yìí kan náà ló ń bá mi gbé ẹrù fún àwọn èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀. Lónìí símẹ́ńtì, lọ́la gbáàgúdá, lọ́tùnla àga ìnáwó. Ohun tí mo bá ṣe gbọ́dọ̀ ṣeé tú láàárọ̀, kó sì ṣeé tò padà nírọ̀lẹ́. Káfíńtà tí mo kọ́kọ́ pè ya bẹ́ẹ̀dì ilé fún mi, tòun ti ibi ìgbórílé tí wọ́n fín òdòdó sí. Mo bi í pé ta la fẹ́ gbé níyàwó.

Mo ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 11. Mo fi tápù wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ náà: ó gùn ní íǹṣì 60, ó fẹ̀ ní 59. Ibi tí orí táyà wú sí lọ́tùn-ún àti lósì, àárín wọn jẹ́ 43, ìwú náà ga ní 9. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ga ní 19. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Káfíńtà_Bódìjà (Ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá olóyin. Ẹ má bínú sí ẹni tó ya bẹ́ẹ̀dì fún yín, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ló ń ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ sùn sáàárín ìwú táyà méjèèjì. 43 fẹ̀ tó, ṣùgbọ́n gígùn 60 ò lè gbà yín. Ẹ gbé ibùsùn ga ju ìwú táyà lọ, ẹ fi í sí íǹṣì 10. Gbogbo 60 àti 59 ti di tiyín nìyẹn. Ẹ wá dùbúlẹ̀ láti igun dé igun. Mo ti ṣírò rẹ̀, íǹṣì 84 ni, ẹsẹ̀ bàtà 7 gbáko.

Lábẹ́ rẹ̀, ẹ ṣe àpótí ńlá kan ṣoṣo, kí ó ní dúrọ́ọ̀ méjì tí yóò gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5, tí ẹ ó máa fà jáde láti ibi géètì ẹ̀yìn. Igi ọmọ ni kí ẹ fi ṣe egungun rẹ̀, 2 sí 2. Igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù ni, ó fúyẹ́, kì í sì í tètè lọ́. Arère fúyẹ́ bákan náà, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ẹ̀yin ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ìrókò àti apá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn ààfin, wọ́n wúwo jù. Plywood ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì ni kí ó wà lókè. Kí ẹ tó gbé e sọ́kọ̀, ẹ fi Solignum, oògùn kòkòrò igi, kùn ún tinú tòde.

Wẹ́dà_Ọjọ́ọ̀ (Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́)

Pákó kẹ̀? Nínú ọkọ̀ tó ń gbé símẹ́ńtì? Skwéà páìpù íǹṣì kan ni kí ẹ lò, ẹsẹ̀ mẹ́fà, kí ẹsẹ̀ náà máa ká wọnú. Ẹ wá tẹ́ pákó kan lé e lórí. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Gígùn rẹ̀ ò sì yẹ kó dààmú yín. Ẹ ṣí géètì ẹ̀yìn sílẹ̀, ẹ fi híǹjì so pákó íǹṣì 18 mọ́ ìdí ibùsùn, kí ó ṣí lé orí géètì náà. 60 àti 18, 78. Ẹ ó nà gbọọrọ.

Káfíńtà_Bódìjà (Ọjọ́ Ajé, 9:11 alẹ́)

Wẹ́dà, nígbà tí géètì bá ṣí sílẹ̀, kánópì ò dé ibẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ wọn á wà níta bí ìrù ẹja nínú apẹ̀rẹ̀.

Wẹ́dà_Ọjọ́ọ̀ (Ọjọ́ Ajé, 9:13 alẹ́)

Tàpólì ńkọ́?

Ìyá_Oníṣu (Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Àbúrò mi olóyin, ẹ kú ewu ọ̀nà. Mo ti ń lọ ra iṣu ní Ṣakí àti Ìgbòho kí àkọ́bí mi tó wọ ilé-ìwé, ó ti bímọ méjì báyìí. Orí àpò iṣu ni mò ń sùn, kò sì sí dúrọ́ọ̀ kankan níbẹ̀.

Gbogbo yín ń sọ pákó àti irin. Ibo ni yóò pa ọkọ̀ sí? Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn. Kì í ṣe etí ọ̀nà, kì í ṣe inú oko. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú yín, ẹ wọ ìlú kó tó ṣú tán. Ẹ lọ kí baálẹ̀, ẹ ní àlejò ni yín, ẹ bèèrè bóyá ẹ lè pa ọkọ̀ síwájú ilé mọ́jú. Gbogbo ọdún tí mo ti ń rìn ín, ẹnì kan ṣoṣo ló sọ fún mi pé rárá, inú ọ̀fọ̀ ni wọ́n sì wà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ní oyin lọ́wọ́, kí lẹ tún ń wá? Bí kò bá sí ìyẹn, ilé epo tó ní ọdẹ. Kí ẹ bá ọdẹ náà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọlé sùn, kí ó mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn ọkọ̀. Bí Àmọ̀tẹ́kùn bá tan tọ́ọ̀ṣì sínú kánópì láago méjì òru, tí wọ́n rí ẹni tó wé aṣọ lé orí, kí ẹnì kan wà tí yóò sọ pé "mo mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ kejì. Ilẹ̀kùn kánópì yẹn, ṣé ó ṣeé ṣí láti inú? Bí ẹnì kan bá yí kọ́kọ́rọ́ mọ́ yín láti ìta ńkọ́?

Wẹ́dà, géètì tí ẹ ní kí ó ṣí sílẹ̀ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ lóru ò ní wahálà rárá.

Ẹlẹ́rìn_Mọ́kọ́lá (Ọjọ́ Ajé, 9:44 alẹ́)

Ṣé ilé ìtura ti tán ní Ìṣẹ́yìn ni?

Ìyá_Oníṣu (Ọjọ́ Ajé, 9:47 alẹ́)

Tí ẹ bá sùn sílé ìtura, ta ni yóò ṣọ́ oyin tó wà nínú ọkọ̀? Ẹ wá ṣọ́ ọ fún un.

Ayàwòrán_ÒkèÀdó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Fọ́tò ẹyẹ àti òkè ni mò ń yà, ẹ̀yìn Hilux ni mo sì ń sùn bí mo bá jáde. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyà tí ó jẹ mí kọ́ yín.

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n íǹṣì 84 yẹn, okùn ló lè nà sí i, èèyàn ò lè nà sí i. Èèyàn ní èjìká. Bí èjìká bá fẹ̀ ní 18, ẹ yọ 18 kúrò nínú 84, ó ku 66. Orí àti ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju èjìká lọ, nítorí náà a ó rí díẹ̀ gbà padà, ká pè é ní 72. Ọ̀gá olóyin jẹ́ 71. Wọ́n á wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tuntun ni. Kí ẹ tó ra igi kankan, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ ya 60 sí 59 sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀, ẹ dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ẹ yí sọ́tùn-ún, ẹ yí sósì. Ilẹ̀ kì í parọ́.

Dúrọ́ọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 5 yẹn náà ni mo kọ́kọ́ ṣe. Lófo pàápàá, èèyàn méjì ló ń gbé e. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ògiri wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi, mọ́tò ẹlòmíràn wà níwájú, n kò lè sún. Dúrọ́ọ̀ fà jáde ní ẹsẹ̀ bàtà méjì péré, ó kan ògiri. Ìpẹ̀kun rẹ̀ lọ́hùn-ún ni sítóòfù wà. Gààrí gbígbẹ ni mo jẹ sùn.

Ohun tí mo wá ṣe ni àpótí mẹ́rin tó dọ́gba. Íǹṣì 30 ní gígùn, 21 ní ìbú, 10 ní gíga. Méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, láàárín ìwú táyà. 21 lọ́nà méjì jẹ́ 42, ọkọ̀ wọn jẹ́ 43, íǹṣì kan tó kù wà fún ọwọ́. Ó wá ku íǹṣì 8 lórí ìwú táyà lọ́tùn-ún àti lósì. Pákó gbọọrọ kọ̀ọ̀kan ni yóò bo ìyẹn, mò ń pè é ní apá: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sinmi lé etí àpótí, ẹ̀gbẹ́ kejì ní ẹsẹ̀ kúkúrú níwájú ìwú àti lẹ́yìn rẹ̀. 42, 8, 8, àti àlàfo íǹṣì kan yẹn, 59 ti pé. Plywood ìdajì íǹṣì tó, nítorí ara àpótí fúnra rẹ̀ ló ń gbé ìdérí dúró. Plywood mẹ́ta, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, ó gbé gbogbo rẹ̀. Àpótí kọ̀ọ̀kan ò ju nǹkan bíi kìló 10 lọ lófo, ẹnì kan lè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ àga ìnáwó, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sílé. Lọ́jọ́ tí ẹrù kéré, ẹ yọ méjì ẹ̀yìn nìkan.

Ẹ má fi híǹjì sí ìdérí. Fóòmù ló wà lórí rẹ̀, ẹ ò ní lè ṣí i. Kí ìdérí kàn jókòó sínú ẹnu àpótí, kí ihò méjì tí ìka lè wọ̀ wà lórí rẹ̀. Ihò yẹn náà ni fóòmù yóò fi máa mí. Lọ́dún tí n kò lu ihò, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò ń rọ̀, abẹ́ fóòmù mi ti hu funfun bí ògì tó kan jù.

Omi ń bọ̀ lókè náà. Èémí yín lóru á di omi lára kánópì, á máa kán sí yín níwájú orí nígbà tó bá di ìdájí. Ẹ ṣí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ ní ìka méjì lọ́tùn-ún lósì, kí àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó.

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tí ẹ sọ ló gún mi jù. Tèmi kò ṣeé ṣí láti inú nígbà tí mo rà á, ọdún kan gbáko ni mo sì fi sùn nínú rẹ̀ láìrò ó. Mo ti ní kí wọ́n fi ìdè kékeré sí i nínú. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kan náà sì ń ṣí débi tí mo lè gbà jáde. Mo dán an wò: ọmọ ìyá mi tì mí mọ́ inú rẹ̀, mo jáde, ṣòkòtò mi nìkan ló ya.

Mẹkáníìkì_Gate (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán)

Kánmọ́kánmọ́, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lu ilẹ̀ ọkọ̀ náà. Ihò kan tí ẹ bá lu, ìpẹtà ti wọlé nìyẹn. Ẹ wo igun ẹ̀yìn ọkọ̀ dáadáa, ìkọ́ tí wọ́n fi ń so ẹrù wà níbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń di ẹrù ni kí ẹ fi mú àwọn àpótí náà mọ́ ìkọ́ yẹn. Tí ẹ bá tẹ búréèkì lójijì, àpótí tí kò ní bẹ́líìtì á wá bá yín níwájú. Ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ wọn, wọn ò ní máa yọ̀.

Kí ẹ má sùn lẹ́yìn nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe nítorí AC, kì í ṣe nítorí fóònù tó ń gba iná. Bí géètì ẹ̀yìn bá tún ṣí sílẹ̀ bí Wẹ́dà ṣe wí, èéfín sàlẹ́ńsà á máa yí wọlé bá yín. Èéfín yẹn ò ní òórùn tó lè jí èèyàn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré bákan náà, sítóòfù èédú bákan náà, ẹ ò gbọdọ̀ tan wọ́n sínú kánópì. Fáànù kékeré tó ń gba iná sára ti tó yín. Ẹ má so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ mọ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó wá ẹni tí yóò tì yín láàárọ̀.

Kẹ́ẹ̀gì epo ò gbọdọ̀ bá yín sùn.

Olóyin_Apáta (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 alẹ́)

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti ya ṣọ́ọ̀kì náà. Mo wà nínú rẹ̀, mo ti pa ojú dé, ìyàwó mi wọlé láti ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá Ìbejì, ta ló wọn ilẹ̀ yìí fún yín?" Mo ṣàlàyé títí, ó ní kí n dìde ńlẹ̀ kí òun tó pe ìyá mi. Ó ti fi omi àti ọṣẹ fọ ibẹ̀ kí n tó jáde nílé ìwẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí mo ń wá. Mo wọ̀ ọ́ bí mo bá tẹ orúnkún díẹ̀, mo sì ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí Ayàwòrán ṣe wí gan-an.

Ìbéèrè kan ló kù. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni mo ń rọ oyin sí. Ó ga tó íǹṣì 17, kò lè dúró nínú àpótí tó ga ní 10. Bí mo bá dá a dùbúlẹ̀, á jò. Ṣé kí n yọ àpótí kan níwájú kí kẹ́ẹ̀gì wà nínú àlàfo náà? Ibẹ̀ náà ni orí mi sì fẹ́ wà.

Onídọ́bù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:41 alẹ́)

Ọ̀gá, ọkọ̀ yín ní ìjókòó ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ti ń sùn lẹ́yìn, kí ọmọọṣẹ́ bọ́ síwájú, kí oyin gba àyè rẹ̀.

Àgbà_Olóyin (Ọjọ́rú, 5:50 àárọ̀)

Ọmọ mi, ẹni tó sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn yìí gbọ́n. Oyin ò gbọdọ̀ bá ọ sùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Mo gé oyin títí ilẹ̀ fi ṣú, mo ti rẹ̀, mo kó bókẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn ọkọ̀, mo nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, kò ju ìwọ̀n ìsọ̀kò kan lọ sí àwọn àpótí oyin náà. Ìdérí bókẹ́ẹ̀tì kan ò dé tán. Oyin tó kán sílẹ̀ ti gbẹ mọ́ ara géètì. Oòrùn ò tíì yọ tán tí mo gbọ́ nǹkan bí ẹ̀rọ ọlọ tó wà lọ́nà jíjìn. Mo la ojú, wọ́n ti bo géètì náà dúdú. Wọ́n ń kó oyin wọn padà. Èmi wà láàárín wọn àti ohun ìní wọn, nínú singíléètì. Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju pé kí n fi aṣọ ìbora bo orí, kí n sì sáré. Nígbà tí mo dé ilé, ọmọ mi tó kéré jù sá fún mi.

Nítorí náà, bí ẹ bá gé e tán, ẹ wa ọkọ̀ kúrò níbẹ̀. Oyin a máa fò ju kìlómítà mẹ́ta lọ láti wá oúnjẹ, kí ẹ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi omi fọ géètì àti ọwọ́ yín kí ẹ tó sùn. Kí ìdérí máa dún "kẹ̀" bí ẹ bá dé e. Ẹ rántí ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú. Lítà oyin kan tó kìló kan àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, kẹ́ẹ̀gì 25 yẹn jẹ́ kìló 35. Mẹ́rin rẹ̀ tó èèyàn méjì, kí ó wà nílẹ̀ ìjókòó ẹ̀yìn, kì í ṣe lórí ìjókòó tí yóò ti dojú dé.

Agolo èéfín, ẹ kò gbọdọ̀ fi sínú àpótí pákó tí fóòmù wà lórí rẹ̀. Ẹ ó rò pé ó ti kú, kò kú. Ìgbẹ́ màlúù tí a fi ń fín oyin a máa jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ di òru. Ẹ fi ewé tútù di ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e sínú garawa irin tó ní ìdérí, ẹ fi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta, abẹ́ ọkọ̀ kọ́ o, títí di àárọ̀.

Káfíńtà wa, ẹ dákun, Solignum yẹn kọ́. Nínú kánópì, imú ọmọ mi olóyin yìí ò ju ìka mélòó kan lọ sí pákó náà. Aṣọ oyin rẹ̀ á sì máa run ún, àwọn oyin ò fẹ́ òórùn líle lára èèyàn. Ọmọ mi ní ìda oyin nílé, kí ló ń wá Solignum fún? Ẹ yọ́ ìda nínú agolo tó wà nínú ìkòkò omi gbígbóná, kì í ṣe lórí iná gan-an, ẹ fi aṣọ kùn ún sí pákó nígbà tó ṣì gbóná. Omi á máa sáré lórí rẹ̀. Ẹ fi èyí tó dì pa ẹ̀gbẹ́ àwọn àpótí náà, wọn á máa yọ̀ lọ geere nígbà tí ẹ bá ń fà wọ́n.

Káfíńtà_Bódìjà (Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀)

Bàbá, mo gbà ti ìda. Ti Solignum, ìsàlẹ̀ àpótí nìkan ni kí wọ́n kùn, kí wọ́n sá a fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sí òórùn mọ́.

Àgbà_Olóyin (Ọjọ́rú, 7:20 àárọ̀)

Ẹ̀yin ni kò gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Ó ti mọ́ yín lára.

Káfíńtà_Bódìjà (Ọjọ́rú, 7:58 àárọ̀)

Ẹ ṣeun, Bàbá. Àpótí mẹ́rin yẹn dára ju èyí tí mo sọ lọ, n kò jiyàn. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó kù kún un.

Ẹ má gbé plywood lọ sílé kí ẹ máa fi ayùn ọwọ́ gé e. Ẹ gé e ní ọjà, lọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ. Ẹ ya ìwọ̀n rẹ̀ sórí ìwé lọ, kí ẹ sì dúró tì wọ́n. Ẹnu ayùn ń jẹ ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì nígbàkígbà tó bá kọjá. Bí ẹ bá gé ìgbà mẹ́jọ láìṣírò ìyẹn, íǹṣì kan ti lọ, apá yín á sì kúrú. Inú igun àpótí, ẹ fi igi 1 sí 1 sí i, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun lé e kí ẹ tó fi síkúrúù dè é. Ìṣó nìkan, ọ̀nà Òkè-Ògùn á tú u láàárín oṣù kan. Okùn ni kí ẹ fi ṣe ọwọ́ ìgbé, kí ó wọ inú ihò. Ọwọ́ irin á jẹ íǹṣì kan tí ẹ ní yẹn.

Ìdérí nìkan ni n kò gbà. Ìdajì íǹṣì dára bí ẹ bá sùn lé e. Ṣùgbọ́n ẹ ó kúnlẹ̀ lórí rẹ̀ kí ẹ tó sùn, orúnkún kan ṣoṣo lẹ ó sì fi gbé gbogbo ara lé e. Ẹ ṣe ìdérí ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Ayàwòrán_ÒkèÀdó (Ọjọ́rú, 8:30 àárọ̀)

Ìdajì íǹṣì ni tèmi, mo ń kúnlẹ̀ lé e lójoojúmọ́.

Káfíńtà_Bódìjà (Ọjọ́rú, 8:33 àárọ̀)

Kìló mélòó ni yín?

Ayàwòrán_ÒkèÀdó (Ọjọ́rú, 8:36 àárọ̀)

62.

Olóyin_Apáta (Ọjọ́rú, 8:50 àárọ̀)

Èmi jẹ́ 94. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni tèmi.

Olóyin_Apáta (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Ọjọ́ Àìkú, 4:10 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ṣe é, mo sì ti sùn nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àpótí mẹ́rin àti apá méjì. Plywood ìdajì íǹṣì mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀kan tó nípọn fún ìdérí. Wọ́n gé e fún mi ní Bódìjà. Mo dúró tì wọ́n, síbẹ̀ ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ gé pákó kan ní 20 dípò 21, ó ní mo kọ òdo ni. Àpótí kan wá tẹ́ẹ́rẹ́ ju àwọn tó kù lọ. Ọmọọṣẹ́ mi ń pè é ní "àbúrò", ibẹ̀ ni àtùpà àti ìwé ń wà.

Alẹ́ àkọ́kọ́, iwájú ilé baálẹ̀ kan lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn ni mo pa ọkọ̀ sí, bí Ìyá Oníṣu ṣe wí. Bàbá náà fúnra rẹ̀ jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n ṣí i kí òun wò ó. Ó fi ọwọ́ tẹ fóòmù, ó kan àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bèèrè iye tó ná mi. Ó wá ní bí òun bá ní irú èyí, òun ò ní máa sùn nínú ilé tí àwọn ọmọ ti ń pariwo. Mo fún un ní oyin ìgò kan. Láàárọ̀, wọ́n gbé iyán jáde fún wa.

Èyí tó kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu ni íǹṣì kan àárín yẹn. Eruku ọ̀nà kún inú rẹ̀ pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, ó há, nígbà tí mo fẹ́ fa àpótí iwájú, kò mira. A fi ọ̀bẹ oyin tú u jáde. Mo ti pa ìda sí ẹ̀gbẹ́ wọn báyìí, mo sì ń fi aṣọ àkísà dí ẹnu àlàfo náà. Eruku ṣì ń gba ẹsẹ̀ géètì wọlé, ọyẹ́ ò sì tíì dé. Mo fẹ́ lẹ rọ́bà fóòmù mọ́ etí géètì yí ká.

Ti títú rẹ̀, èmi àti ọmọọṣẹ́ mi, ìṣẹ́jú 11. Èmi nìkan, ó lé ní 20, nítorí bẹ́líìtì. Ilẹ̀kùn kánópì ti ní ìdè nínú. Ọmọ náà tì mí mọ́lé láti dán an wò, ó wá lọ ra búrẹ́dì.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí n kò rí gbọ́n sí. Apá ọ̀tún ń dún. Ìgbàkígbà tí mo bá yí ara padà lóru, á ní "wíìn", ajá tó wà ládùúgbò á dá a lóhùn.

Wẹ́dà_Ọjọ́ọ̀ (Ọjọ́ Àìkú, 4:31 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti sọ ọ́ ṣáájú. Ẹ gbé apá yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù, màá fi irin ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. N kò ní gba kọ́bọ̀.

Káfíńtà_Bódìjà (Ọjọ́ Àìkú, 4:35 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má gbé e lọ síbì kankan o. Ẹ gé rọ́bà tiúbù táyà àtijọ́, ẹ kàn án mọ́ ibi tí apá ti kan etí àpótí, àti sábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì. Pákó lórí pákó ló ń dún. Bí irin bá kan ilẹ̀ ọkọ̀ yẹn, ajá nìkan kọ́ ni yóò dáhùn, baálẹ̀ á jí.

Ìyá_Oníṣu (Ọjọ́ Àìkú, 5:02 ìrọ̀lẹ́)

Àbúrò mi, ṣé oyin yẹn ṣẹ́kù? Ẹ bá mi fi gálọ́ọ̀nù kan sílẹ̀. Mò ń kọjá ní Apáta lọ́jọ́ Ẹtì.